Èémí Kékeré Inú Adágún

Nígbà tí Martha sọ fún ìyá rẹ̀ ní Kábbà pé òun fẹ́ lọ lo ọlidé Àjíǹde létí Odò Ọya, pé òun fẹ́ bá àwọn ará yunifásítì ṣọ́ ẹran omi, Cecilia ń bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀wà ni ó ń ṣà. Ó ṣà á títí ó fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ kí ó tó gbójú sókè.

"Kí ni wọn yóò fún ọ níbẹ̀?"

"Wọn kò ní fún mi ní nǹkan kan, Màmá. Mo yọ̀ǹda ara mi ni."

"Ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa," ni Cecilia wí, ó sì bu ẹ̀wà mìíràn sórí àtẹ. Martha mọ ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé irú "ó dáa" bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣẹ, kì í sì í ṣe ìre.

Tísà ni Martha nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn fádà dá sílẹ̀, láyé ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, tí gbogbo ìwé ìgbéga àti ìwé ìyípadà ń ti Ìlọrin wá. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá ni ó fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti kọ́ wọn nípa erin, ó ti kọ́ wọn nípa àbùùbùtán inú òkun tí òun fúnra rẹ̀ kò fojú rí rí. Lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin gíga kan tí ń jẹ́ Dókítà Ọláníran, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, wá bá àwọn tísà Kábbà sọ̀rọ̀, ó sì fi àwòrán ẹran kan hàn wọ́n. Ara ẹran náà ń dán bí ara àrọ̀, ó tóbi ju ọmọ màlúù lọ, ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀, kò sì ní ẹsẹ̀. Ayú ni àwọn apẹja ń pè é. Koríko ni ó ń jẹ. Inú omi ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n kò lè mí nínú omi. Ó gbọ́dọ̀ yọ imú síta kí ó tó mí. Abẹ́ apá ni ọmú rẹ̀ wà, ọmú náà ni ó sì fi ń tọ́ ọmọ bí abiyamọ. Dókítà ní ó ti ń tán lọ nínú Ọya, pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn wá ìwọ̀nba tó kù, kí wọ́n lè dáàbò bò ó. Ohun tó ká Martha lára ni pé ènìyàn lè jẹun àárọ̀ ní Kábbà kí ó sì jẹun ọ̀sán níbi tí ẹran náà ń gbé. Ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa àbùùbùtán, kò sì mọ aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ̀bá-Ọya ni wọ́n fi ṣe ibùdó, abúlé apẹja kan lápá òkè Lọ́kọ́ja. Martha kò ṣe àjèjì pátápátá níbẹ̀, nítorí Morónkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ni aya Lájídé, ọmọ ẹ̀yà Ọ̀wọ̀rọ̀ kan tó ń gbé abúlé náà. Wọ́n fún un ní yàrá Samuel, ọmọ wọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná. Dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Ernest, pàgọ́ sábẹ́ igi máńgòrò létí odò.

"Okun o," ni Lájídé kí i lọ́jọ́ tó dé. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, èjìká rẹ̀ nìkan ló tóbi. "Wọ́n ní ẹ wá ṣọ́ ayú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Samuel."

"Èmi ni mo ń pa á níhìn-ín." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fi ìdí ilé han àlejò. "Bàbá mi pa á, bàbá tó bí i pa á. Jẹun, ọmọ mi, iyán ń tutù."

Martha fọ ọwọ́, ó sì jẹ iyán ẹni tó ń pa ayú.

Iṣẹ́ náà kò le lójú. Ní kùtùkùtù wọn yóò wọ inú ọkọ̀, wọn yóò wà á dé ẹ̀gbẹ́ koríko odò, wọn yóò sì dákẹ́. Ayú kì í ké. Èémí rẹ̀ nìkan ni ènìyàn ń gbọ́, fúù, bí ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ iná lẹ́ẹ̀kan tí kò tún fẹ́ ẹ mọ́. Bí wọn kò bá gbọ́ èémí, wọn a wo etí koríko bóyá eyín gé e. Dókítà a máa sọ pé inú òun dùn bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo. Inú Martha náà a dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù omi kì í jẹ́ kí ayọ̀ náà jókòó. Omi ńlá yẹn ń lọ lábẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jókòó lé, kò sì ní ibi tí ó lè dì mú bí ó bá já sí i.

Ọdún náà, òjò kọ̀, kò rọ̀ bọ̀rọ̀. Ọya fà sẹ́yìn títí iyanrìn fi yọ láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn abúlé, níbi tí odò máa ń ya sí nígbà ìkún omi, adágún kan ṣẹ́kù tí kò ní ọ̀nà àbájáde mọ́. Ernest ló kọ́kọ́ rí i pé ayú kan há síbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ lójú omi bí òkúta, ó sì tún rì.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó ní wọ́n nílò àwọ̀n tó lágbára, tapólì tí wọn yóò fi gbé e, ọkọ̀ akẹ́rù, àti ìwé àṣẹ láti Ìlọrin, nítorí kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbé ẹran ìjọba láìgbàṣẹ. Ó lọ bá baálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ayú inú adágún.

"A gbọ́," ni baálẹ̀ wí.

Dókítà dúpẹ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ kíákíá. Martha dúró títí eruku ọkọ̀ náà fi rọlẹ̀. Ó ń ro "a gbọ́" yẹn. Baálẹ̀ kò sọ pé àwọn gbà.

Lọ́jọ́ kejì ni Morónkẹ́ là á yé e, bí àwọn méjèèjì ti ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé. Bàbá Lájídé ti kú nígbà òjò tó kọjá, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìnáwó òkú rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde. Ìdílé apayú ni wọ́n. Bí àgbà irú ilé bẹ́ẹ̀ bá kú, ẹran ayú gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ẹbí yóò ní ọmọ rẹ̀ kò tó ọkùnrin.

"Ọkọ mi ti wá a títí, kò rí pa láti èṣí," ni Morónkẹ́ wí. "Ọlọ́run wá fi ọ̀kan há ẹ̀yìnkùlé wa. Bí ìwọ bá jẹ́ òun, kí ni ìwọ yóò rò?"

"Àǹtí, ìjọba ló ní kí a má pa á."

"Kì í ṣe ìjọba ni mo bi ọ́. Ìwọ ni mo bi."

Iṣu tí Martha ń bẹ lọ́wọ́, ó bẹ ẹ́ títí ó fi kéré.

Òun àti Ernest wá ń pín ìṣọ́ adágún láàárín ara wọn. Ní òwúrọ̀ kan, Ernest lọ sè tíì, Martha sì jókòó nìkan lórí gbòǹgbò igi létí omi náà. Ìrì ṣì wà lójú koríko. Ayú náà yọ imú, ó mí, fúù. Kí omi tó padà dákẹ́, Martha gbọ́ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tín-ín-rín, bí ọmọ ọwọ́ tó sín nínú oorun. Ó fò dìde. Kò rí nǹkan kan, àfi òbìrìkìtì kékeré tó ń fẹ̀ lójú omi nínú ìbòòji koríko.

Ó sáré sọ fún Ernest. Ọ̀dọ́kùnrin náà bá a wá, wọ́n sì dúró pẹ́. Ayú mí. Ó tún mí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

"Àrọ̀ ni ẹ gbọ́, Àǹtí Martha," ni Ernest wí. "Bí omi bá ti ń gbẹ, àrọ̀ náà a máa wá gba afẹ́fẹ́ lókè."

Ó ṣeé ṣe. Martha mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, tó bá Lájídé lẹ́nu ọ̀nà tó ń pọ́n ẹnu ọ̀kọ̀ oníkọ̀ọ́ lórí òkúta, ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rò ó tán.

"Bàbá Samuel, ọmọ wà lẹ́yìn ayú yẹn."

Lájídé dáwọ́ ìpọ́n dúró. "Ta ló rí i?"

"Mo gbọ́ èémí rẹ̀."

"O gbọ́ ọ, àbí o fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

Ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ọ̀kọ̀ wò. "Nílé wa, a kì í gún abiyamọ tí ọmọ ń mu lọ́wọ́. Bàbá mi kò ṣe é, èmi kò sì ní fi òkú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá fojú ara mi rí ọmọ náà, ọ̀kọ̀ yìí padà sórí àjà. Ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò bá dé tí n kò tíì rí i, má dúró lọ́nà mi, ọmọ mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹrù náà ṣe wá bọ́ sórí etí Martha nìkan.

Àràárọ̀ ni Lájídé ń bá a lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kalẹ̀, yóò ká ọwọ́ lé orúnkún, yóò máa wo omi. Ó mọ bí ènìyàn ṣe ń dúró de ayú ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì rí ju ọ̀kan lọ. Bí ó bá dìde láti lọ, kò ní sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ náà ló ń dun Martha jù. Ìbá sàn kí ó pè é ní elékèé.

Adágún ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí omi dé lánàá ti di ẹrẹ̀ lónìí, ẹrẹ̀ àná sì ti sán. Martha ń gé koríko tútù, ó ń jù ú sínú omi kí ebi má baà pa ẹran náà. Kò jẹun dáadáa mọ́. Ó wá ń gbọ́ èémí kékeré yẹn níbi gbogbo: nígbà tí Morónkẹ́ bá fẹ́ná, nígbà tí ewúrẹ́ bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìgbà tó gbọ́ ọ lára ewúrẹ́ ni ẹ̀rù wá bà á gan-an. Bí àrọ̀ bá ni ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àrọ̀ ni òun fi ba ọjọ́ òkú bàbá ẹni tó gba òun sílé jẹ́?

Dókítà kò dé. Bí ọkọ̀ kan bá hó lójú títì, Martha a nàró. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja ni, tàbí ti oníṣu tó ń bọ̀ láti Odò-Apé. Níkẹyìn Ernest ní òun kò lè jókòó báyìí, òun yóò lọ wá a ní Lọ́kọ́ja, bí kò bá sí níbẹ̀ òun yóò wọkọ̀ Ìlọrin. Ó tọrọ àyè nínú ọkọ̀ àwọn apẹja Kákáńdá kan tó ń lọ sísàlẹ̀ odò, ó sì fi Martha sílẹ̀ ní òun nìkan.

Àjíǹde kọjá. Àwọn àlejò òkú bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn ará Ìffẹ̀, àwọn ará Agbájà, àwọn àna láti Kábbà. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ pé ayú kan wà lẹ́yìn ilé tí ọmọbìnrin kan kò jẹ́ kí wọ́n pa. Àwọn kan wá wò ó bí ẹni ń wo ìran. Ẹ̀yìn ayú kì í wọ omi tán mọ́. Oòrùn ń pa á, ó sì ń gbẹ. Arákùnrin bàbá Lájídé kan, àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Bámgbóṣé, fi ọ̀pá na ẹrẹ̀ létí adágún, ó ní, "Kó tó kú fúnra rẹ̀ kó sì rà, ẹ jẹ́ ká pa á. Òkú ẹran kì í ṣe ọ̀wọ̀ fún òkú ènìyàn."

Kò sì sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó jẹ́ kí inú Martha bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gún iyán àlejò, Lájídé wá. Ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹbí sì tẹ̀lé e. Martha dìde lórí gbòǹgbò tó ń jókòó lé.

"Martha," ni Lájídé wí jẹ́jẹ́, "mo ti dúró tó."

"Ẹ ti dúró tó, sà. Mo mọ̀."

"Kúrò lọ́nà."

Ó fẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ bí ìtàn akọni, òun mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé lóòótọ́ ni òun yí ẹsẹ̀ padà láti lọ. Ṣùgbọ́n kò lọ síbi tí ọ̀nà wà. Ó bọ́ sínú adágún. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ẹrẹ̀ gbà á dé orúnkún, ó ṣubú síwájú, omi rú bò ó mọ́rí. Ó yọ orí, kò rí nǹkan kan, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí yóò dì mú. Omi náà kò ju itan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ kò mọ ìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ayú ńlá náà ta kìjí. Ó fi ìrù gbá omi, ó sì sá lọ sí ìhà kejì, gbogbo adágún dàrú.

Nígbà náà ni nǹkan kan tó yọ̀, tó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́, kọlu Martha ní ìhà. Ó rò pé ẹsẹ̀ ara òun ni. Nǹkan náà ti orí sí abẹ́ apá rẹ̀, ó ń wá inú rẹ̀ kiri, ó ń tì í jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí kò rí ọmú. Ó wá yọ imú kékeré kan sókè lẹ́bàá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ihò imú méjì náà ṣí, ó sì mí.

Gbogbo ẹni tó wà létí omi gbọ́ ọ.

Martha dúró níbẹ̀, ẹrẹ̀ lójú, ẹrẹ̀ lẹ́nu, kò gbójú kúrò lára ọmọ náà. Lájídé wá sí etí ẹrẹ̀, ó yí ọ̀kọ̀ padà, ó na ìdí rẹ̀ sí i.

"Di èyí mú," ni ó wí. "Jáde wá kí ìyá rẹ̀ lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó fà á yọ. Lẹ́yìn náà ó gún ọ̀kọ̀ náà mọ́ iyanrìn, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

"Àsè òkú ńkọ́?" ni Bàbá Bámgbóṣé bi í.

"Bàbá mi yóò jẹ ẹja."

"Wọn yóò bú ọ."

"Kí wọ́n bú mi."

Ṣùgbọ́n pé wọn kò pa ayú méjèèjì kò túmọ̀ sí pé wọ́n yè. Omi tó kù kò lè gbé wọn ju ìgbà díẹ̀ lọ. Lájídé wo ojú ọ̀run, kò rí òjò. Ó wo títì, kò rí ọkọ̀. Ó rìn láti adágún dé Ọya, ó sì rìn padà. Iyanrìn ló wà láàárín wọn, kì í ṣe àpáta, àfi níbì kan tí òkúta yọ orí díẹ̀.

"A ó la ọ̀nà fún omi," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n Ọya wà nísàlẹ̀, adágún wà lókè. Bí a bá ti là á, omi yóò sáré jáde. Bí àwọn méjèèjì bá bá omi lọ, ó dáa. Bí wọn kò bá bá a lọ, kò ní sí omi mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè ṣe é."

Ó yíjú sí àwọn ẹbí rẹ̀, ó ní iṣẹ́ òkú bàbá òun ni wọ́n bá wá, iṣẹ́ náà sì nìyí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sílé. Bàbá Bámgbóṣé wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù lọ mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wá, àwọn obìnrin ń fi agbada kó iyanrìn, wọ́n sì gbẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojúmọ́ mọ́. Ọwọ́ Martha bó. Ó ń gbẹ́, ó ń wẹ̀yìn wo adágún, ó ń gbẹ́. Bí ó bá gbọ́ èémí ńlá, ó ń dúró de kékeré. Bí kékeré bá pẹ́, yóò dáwọ́ gbígbẹ́ dúró títí yóò fi gbọ́ ọ.

Nígbà tó ku òkìtì iyanrìn kan ṣoṣo láàárín adágún àti kòtò gígùn náà, Lájídé ní kí gbogbo ènìyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, kí wọ́n rẹ ẹní àti aṣọ sínú omi, kí wọ́n dì í lọ́wọ́. Ó wá fi ọkọ́ la òkìtì náà.

Omi kọ́kọ́ rọra yọ́ jáde, ó wá di àgbàrá, ó gbé iyanrìn lọ. Ayú ńlá náà kò mira. Omi ń fà kúrò lára rẹ̀, èjìká rẹ̀ yọ, Martha sì ń sọ lábẹ́ ètè rẹ̀ pé, "Lọ, jọ̀ọ́, lọ." Lójijì ó yí orí sí ibi tí omi ń lọ, ó sì bá a lọ. Ó wọnú kòtò bí ìgbà tí ènìyàn ti igi gẹdú sínú omi. Ó dé ibi òkúta, ó há. Òkúta náà họ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ yọ. Àwọn ọkùnrin bọ́ sí i, wọ́n fi ẹní tútù bò ó, wọ́n tì í, wọ́n tún tì í, ó sì já lọ. Kí wọ́n tó nàró, ó ti wọ Ọya.

Nígbà náà ni Morónkẹ́ ké láti ẹ̀yìn, "Ọmọ ńkọ́?"

Ọmọ kò tẹ̀ lé e. Ó wà nínú adágún, nínú ẹrẹ̀ tí kò lè bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi ìrù na ilẹ̀. Omi kòtò ti ń tán. Morónkẹ́ tú ìró ara rẹ̀, ó ku tòbí nídìí, ó rẹ ìró náà, ó sì jù ú sí Martha. Martha àti Lájídé wé ọmọ náà, wọ́n gbé e láàárín ara wọn. Ó wúwo bí ọmọ tó ti ń rìn. Ọkàn rẹ̀ ń lù mọ́ apá Martha. Wọ́n sáré lórí iyanrìn dé etí Ọya, Lájídé kò sì dúró létí. Ó wọ inú omi lọ, Martha sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí ìdajì ẹrù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi dé ìbàdí. Ó dé àyà. Ilẹ̀ ń yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Samuel, mi ò lè lúwẹ̀ẹ́."

"Mo mọ̀. Má wo omi. Èmi ni kí o máa wò."

Wọ́n tú ìró náà. Ọmọ ayú dúró lójú omi, bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Kò sí ìyá rẹ̀ níbì kankan. Ọya lọ gbọọrọ síwájú, ó lọ gbọọrọ sẹ́yìn. Wọ́n dúró títí ẹsẹ̀ Martha fi kú. Ó pẹ́, èémí ńlá kan wá láti ìsàlẹ̀ odò, ó jìnnà díẹ̀. Ọmọ náà yí orí, ó rì, wọn kò sì rí i mọ́.

Wọ́n ṣe òkú náà lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wọ́n sì fi ẹja ṣe é. Bàbá Bámgbóṣé kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó jókòó láàárín àwọn àlejò pẹ̀lú àwo òfìfo níwájú rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Lájídé gbé omi fún un lórí ìkúnlẹ̀, àgbà náà sì mu omi nìkan. Martha rí ojú Lájídé nígbà tó dìde. Kò jẹ́ gbàgbé ojú náà.

Ẹ̀yìn ìnáwó ni Dókítà Ọláníran dé pẹ̀lú Ernest, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú tapólì. Ìlọrin ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kí ó wá lọ́la, láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Ó ti rù. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó sórí iyanrìn, ó fọwọ́ borí. Martha ti tọ́jú ọ̀rọ̀ líle pamọ́ dè é, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i báyìí, "Ẹ káàbọ̀, sà" ni ó lè sọ.

"Ṣé wọ́n rí ara wọn?" ni Dókítà bi í. "Kí n lè kọ ọ́ pé a gba méjèèjì là."

"Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ kọ pé a tú wọn sílẹ̀. Èyí tí a mọ̀ nìyẹn."

Ọlidé parí, Martha padà sí Kábbà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ń ṣe àmì sí iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n bí kíláàsì bá dákẹ́, yóò rí orí kékeré náà lójú omi, tó ń wá ibi tí yóò yà sí. Cecilia rí i pé ọmọ òun ń rù, kò bi í léèrè. Ó kàn ń bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀.

Òjò ti rọ̀ dáadáa nígbà tí Morónkẹ́ wá sí Kábbà. Ó bọ́ ẹsẹ̀ kúrò nínú bàtà, ó jókòó, ó mu omi, ó kí ilé kárí. Ó wá yíjú sí Martha.

"Ọkọ mi ní kí n jíṣẹ́ méjì fún ọ. Ó rí ìyá ayú yẹn lẹ́bàá koríko òkè odò. Àpá òkúta wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ, kò ṣeé ṣì mọ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Martha fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá béèrè èkejì.

"Èkejì ni pé ó pa ọ̀kan lóṣù tó kọjá. Akọ ni. Kì í ṣe wọ́n. Ó ní òun fẹ́ kí o gbọ́ ọ lọ́dọ̀ òun kí o tó gbọ́ ọ níta. Ó gbé lára ẹran náà lọ fún Bàbá Bámgbóṣé."

Inú Martha dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, méjèèjì jókòó pọ̀ láyà rẹ̀, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Cecilia, tó ń gé ilá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ń wo ojú rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí Bàbá Samuel, Àǹtí," ni Martha wí. "Ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́. Ẹ sọ pé mo ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n bá mi tọ́jú yàrá Samuel. Ọ̀rọ̀ akọ yẹn, a ó jọ sọ ọ́ nígbà náà."

"Màá sọ fún un," ni Morónkẹ́ wí, ó sì na ọwọ́ kí wọ́n fún un ní ọ̀bẹ kan kí òun náà bá wọn gé ilá.